Ìbéèrè Yín Lórí Aṣọ Rírán: Ẹnu Apá, Ọ̀já àti Pọ̀nyẹ́

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ẹnu apá ṣẹ́ẹ̀tì: ibi tí a ń là kí ọwọ́ lè ráyè wọlé, ọ̀já tí a fi ń bo ibi lílà náà, àti pọ̀nyẹ́ tó ń de apá mọ́ ọrùn ọwọ́. A ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀. Ìwọ̀n àgbàlagbà ọkùnrin ni gbogbo èyí tí a kọ síbí, yàtọ̀ sí ìdáhùn kan tó dá lórí aṣọ obìnrin, sẹ̀ǹtímítà la sì fi wọ̀n wọ́n, àfi ibi tí a bá ti dárúkọ mìlímítà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ni mí, mò ń múra ìdánwò CQM, ìyẹn ti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, sílẹ̀. Bí mo bá rán ọ̀já onímú ṣóńṣó sí ẹnu apá, orí ibi tí mo là máa ń hunjọ. Lọ́jọ́ tí kò bá hunjọ, ńṣe ló máa lu. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?
*Ọmọ iṣẹ́ kan, Kétu*

Ọmọ wa, ìwọ náà kú iṣẹ́. Híhunjọ àti lílu tí o sọ yìí, igun kan náà ló ń fa méjèèjì. Bí sísọ́ọ̀sì kò bá dé igun, aṣọ á hunjọ, torí òwú ṣì dì í mú níbẹ̀. Bó bá sì kọjá igun, ihò dé nìyẹn. Àyè tó wà láàárín méjèèjì kò ju mìlímítà 1 lọ. A fura pé ńṣe lo ń la apá tán kí o tó mú ọ̀já. Apá tí a ti là ń tú, ó ń nà, kò sí ohun tó ń dì í mú mọ́. Kọ́kọ́ rán an ná, kí o tó là á.

Apá kọ̀ọ̀kan gba ọ̀já méjì. Gé ọ̀já ńlá ní ìbú 6.5, gígùn 18. Gé ọ̀já kékeré ní ìbú 3.5, gígùn 15. Jẹ́ kí gígùn àwọn méjèèjì bá gbọọrọ aṣọ mu, ìyẹn ìhà tí etí tí wọ́n hun pa gbà lọ. Ọ̀já tí a gé ní dàgbéré, ìyẹn tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, máa ń lọ́ tó bá dẹ́nu iṣẹ́.

Kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀rọ̀ náà, áyọ́ọ̀nù ló ni í. Ká etí gígùn kan lára ọ̀já kọ̀ọ̀kan wọlé ní mìlímítà 6, kí o lọ̀ ọ́ kó dúró. Lẹ́yìn náà, wá páálí líle, gé e ní ìbú 2.5 kí o sì ṣe orí rẹ̀ ṣóńṣó. Orí páálí yìí ni wàá ti ká ọ̀já ńlá. Ìdajì ọ̀já ńlá tí yóò bọ́ sínú, èyí tí etí rẹ̀ kò tíì ká, gé e kúrò lókè láti ibi 14, ṣùgbọ́n ṣẹ́ mìlímítà 7 kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí ọ̀já ti ṣẹ́ po, kí o rí nǹkan ká wọlé nígbà tí o bá ń ṣe imú. Bí o bá fi ìdajì inú yẹn sílẹ̀ dé òkè, aṣọ á di ìpele mẹ́rin mẹ́fà lábẹ́ imú, abẹ́rẹ́ á máa fò, imú á sì wú.

Ibo ni a ó ti là? Ká ní ẹnu apá rẹ fẹ̀ tó 32 nígbà tí o gé e. Yọ 1 lọ́tùn-ún, yọ 1 lósì fún rírán, ó ku 30. Pín in sí mẹ́rin, ó di 7.5. Wọn 7.5 láti ojú ìrán abíyá ní ìhà ẹ̀yìn apá, ìyẹn ìhà ìgbọ̀nwọ́. Ibẹ̀ ni. Ní inú aṣọ, fa ìlà gígùn 13 láti etí ẹnu apá lọ sókè, kí o wá ya àpótí tóóró yí i ká: ìbú rẹ̀ jẹ́ 1.5, ìlà àkọ́kọ́ sì wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ìlà ìdábùú tó de orí àpótí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

Tẹ́ ọ̀já méjèèjì sórí inú aṣọ, kí ojú wọn dojú kọ apá. Ọ̀já kékeré lọ sí ìhà ìrán abíyá, ọ̀já ńlá sí ìhà kejì tó fẹ̀. Etí tí o kò tíì ká lára àwọn méjèèjì ni yóò pàdé lórí ìlà àárín. Fi píìnì gún igun àpótí láti ìsàlẹ̀ kó yọ sókè lára ọ̀já, kí o lè mọ ibi tí ìrán gbọ́dọ̀ ti dúró. Rán ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà 7 àbọ̀ sí etí rẹ̀. Tó bá ku bíi 2 kí o dé òkè, dín ojú abẹ́rẹ́ kù láti 2.5 sí mìlímítà 1.5, kí igun lè lágbára. Ìrán méjèèjì ní láti parí lórí ìlà ìdábùú gan-an. Bí ọ̀kan bá fi mìlímítà 2 ga ju èkejì lọ, ìdábùú á wọ́, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tọ́ ọ mọ́. Tú u, kí o tún un rán.

Wàyí o, mú sísọ́ọ̀sì tó mú dé ṣóńṣó ẹnu. Ṣí etí ọ̀já sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, la apá nìkan láàárín, kí o dúró nígbà tó bá ku 1 kí o kan ìlà ìdábùú. Láti ibẹ̀, là á lọ sí igun ọ̀tún, kí o tún là á lọ sí igun òsì, bíi lẹ́tà Y. Dúró ní mìlímítà 1 sí ojú abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Aṣọ onígun mẹ́ta kékeré kan á ṣẹ́ kù lókè. Má gé e sọnù.

Fa ọ̀já méjèèjì gba ojú lílà yọ sí ojú aṣọ. Ọ̀já kékeré ni a ń kọ́kọ́ parí: ṣẹ́ ẹ po kí etí tó ti ká bo ìrán àkọ́kọ́, kí o rán an ní mìlímítà 2 sí etí, títí dé òkè àpótí. Ká onígun mẹ́ta náà sókè, rán òun àti òpin ọ̀já kékeré pọ̀ lójú ìlà ìdábùú, kí o gé ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí ọ̀já kékeré di 1.

Ọ̀já ńlá ló kàn. Ṣẹ́ òun náà po, kí etí tó ti ká bo ìrán tirẹ̀. Yóò bo ọ̀já kékeré mọ́lẹ̀ pátápátá, imú rẹ̀ á sì bo gbogbo aṣọ tó tú lókè. Ki píìnì bọ̀ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní ìhà tí ìrán wà, gòkè lọ, yí imú po, sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì títí dé ojú ìlà ìdábùú, dá a ní ìbú, kí o sì dè é. Má rán ìhà kejì kọjá ìdábùú wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá rán an wálẹ̀ ti padà dí ẹnu apá. Bákan náà, nígbà tí o bá ń gòkè lọ, ti ọ̀já kékeré kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, kí abẹ́rẹ́ má baà gún un mọ́ ọn.

Bí igun bá ṣì ń hunjọ, tún mú sísọ́ọ̀sì jáde, gé ojú òwú kan tàbí méjì sí i síhà igun. Bó bá ti lu, mú aṣọ alẹ̀mọ́ tín-ínrín, èyí tó ní gọ́ọ̀mù tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, gé e ní 2 sí 2, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn látinú, kí o gbé ìlà ìdábùú sókè ní mìlímítà 3, kí o tún un rán níbẹ̀. Imú ọ̀já á bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́.

Àjẹkù kákí aṣọ ilé ìwé dára púpọ̀ fún ìdánrawò, torí ó dúró, ó sì ń gba ìlọ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 90 ni kí o fi rán an. Tí o bá padà sórí pópùlínì tàbí àǹkárá, lo 80.

Ẹ̀yin ará ìwé ìròyìn wa, mo kí yín o. Pọ̀nyẹ́ mi kì í bá apá dọ́gba. Mo á wọn ọrùn ọwọ́ oníbàárà dáadáa, mo á gé pọ̀nyẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ so ó mọ́ apá, apá á ti pọ̀ jù. Mo á wá máa fa pílíìtì sí ibi tí kò yẹ.
*Ìyá télọ̀ kan, Ṣábẹ̀ẹ́*

Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀já ni ẹ kò kà mọ́ ọn. Apá tí ó jẹ́ 30 kí ẹ tó là á kì í ṣe 30 mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rán ọ̀já sí i. Àpótí kó 1.5 lọ, ṣùgbọ́n ọ̀já kékeré mú 1 wá, ọ̀já ńlá mú 2.5 wá. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí ọ̀já kan dé etí ọ̀já kejì, 32 ni ẹ ó bá.

Ẹ wá wo pọ̀nyẹ́. Ọrùn ọwọ́ 17, ẹ fi 5 kún un kó má baà fún, ẹ tún fi 3 kún un fún ibi tí etí kan yóò ti gun èkejì: 25 nìyẹn. Apá jẹ́ 32, pọ̀nyẹ́ jẹ́ 25, ohun tí pílíìtì gbọ́dọ̀ gbé mì jẹ́ 7. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 3.5. Ìhà ọ̀já ńlá ni wọ́n ń wà: àkọ́kọ́ bíi 2.5 sí ojú ìrán ọ̀já, èkejì 1.5 lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì dojú kọ ibi lílà. Bí oníbàárà bá ń wọ aago ńlá, ẹ fi 1.5 kún pọ̀nyẹ́ ọwọ́ òsì, kí ẹ sì dín pílíìtì apá yẹn kù ní 1.5. Ọ̀pọ̀ kì í bèèrè ọ̀rọ̀ aago yìí, oníbàárà a sì máa padà wá pẹ̀lú ẹjọ́.

Ẹ gé pọ̀nyẹ́ ní gígùn 27, ìyẹn 25 àti 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gíga rẹ̀ tó bá parí jẹ́ 6, nítorí náà ẹ gé aṣọ méjì tó ga ní 8 fún apá kọ̀ọ̀kan. Aṣọ alẹ̀mọ́ ń lọ sára èyí tí yóò wà lóde. Ẹ ká etí òkè ti òde yìí wọlé ní mìlímítà 9, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ dojú méjèèjì kọra, ẹ rán ẹgbẹ́ méjì àti ìsàlẹ̀, ẹ gé igun kù, ẹ yí i síta, ẹ lọ̀ ọ́.

Tó bá di síso: aṣọ inú pọ̀nyẹ́ ni a ń kọ́kọ́ rán mọ́ apá, ojú rẹ̀ sí inú apá. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi etí òde tó ti ká bo ìrán yẹn, a ó sì rán an láti ojú aṣọ, mìlímítà 2 sí etí. Ìdí tí a fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni pé ìrán tí aráyé ń rí, ojú ẹni la ti rán an, kò sì lè bọ́. Àwọn tó ń rán òde ṣáájú máa ń gbà á ládùúrà pé kí ìrán ìkẹyìn mú etí inú. Nígbà míì ó mú un, nígbà míì kò mú un.

Etí ọ̀já gbọ́dọ̀ kan ìparí pọ̀nyẹ́ gan-an lọ́tùn-ún lósì. Bó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, àtẹ̀gùn kékeré kan á yọ níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí olùdánwò ń wò sì nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ àyè rírán sínú pọ̀nyẹ́ dáadáa, kí ẹ ki píìnì bọ etí méjèèjì kí ẹ tó kan àárín.

Mo ra aṣọ bazin lọ́jà Ouando, mo rán ṣẹ́ẹ̀tì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́, pọ̀nyẹ́ àti kọ́là wú, wọ́n ṣú ròrò kiri. Ṣé télọ̀ ló jẹ̀bi àbí ẹni tó ta aṣọ?
*Bàbá kan, Àjàṣẹ́*

Bàbá, ẹ kú ìnáwó. Kò dájú pé ẹni tó ta aṣọ jẹ̀bi. Gọ́ọ̀mù tó wà lára aṣọ alẹ̀mọ́ ni kò di bazin mú, tàbí kí ó dì í mú kí ọ̀kan wá súnkì ju èkejì lọ. Bazin máa ń ní oje líle tí wọ́n fi ń mú un dán. Oje yìí kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ráyè wọ inú òwú. Lẹ́yìn tí omi bá kó oje lọ, gọ́ọ̀mù á ṣí.

Fún télọ̀ tó bá ń kà á: ẹ rẹ ibi tí ẹ ó fi ṣe kọ́là àti pọ̀nyẹ́ sínú omi kí ẹ tó gé e, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Oníbàárà tó fẹ́ kí aṣọ òun máa dán lè bínú, ẹ ṣàlàyé fún un. Nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbálẹ̀. Ẹ gbé e lé ibì kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, ẹ gbé e kúrò, ẹ gbé e lé ibi tó kàn. Ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ sáàárín. Ẹ jẹ́ kó tutù lórí tábìlì kí ẹ tó gbé e. Gọ́ọ̀mù tó ṣì gbóná kò tíì dì. Ẹni tó ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú ní láti ṣọ́ra sí i, torí iná rẹ̀ kì í dọ́gba: kí ẹ dán an wò lára àjẹkù, kí ẹ fa igun rẹ̀. Bó bá ṣí wẹ́rẹ́, kò tíì jinná.

Ti yín tó ti ṣú yìí, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá padà, ó padà. Bí aṣọ inú bá ti súnkì, àfi kí wọ́n tú pọ̀nyẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fún bazin tó nípọn, ní tiwa, a kì í fi gọ́ọ̀mù sí i rárá: pópùlínì funfun tí a ti fọ̀, tí a rán mọ́ àyè rírán, ó tó, kì í sì í ṣú láé.

Mo rán apá méjèèjì tán kí n tó rí i pé ọ̀tún ni àwọn méjèèjì. Ǹjẹ́ àtúnṣe wà?
*Aránṣọbìnrin, Àjàṣẹ́*

Bí ẹ bá ti rán ọ̀já, kò sí. Ẹ gé apá mìíràn, tàbí kí ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kó gba apá kúkúrú. Bó bá ṣe pé lílà nìkan lẹ ṣì là, tí aṣọ náà sì ní ojú méjì tó jọra, bíi ojúlówó wax tí àwọ̀ rẹ̀ yọ síhà méjèèjì, ẹ yí apá kan padà, inú á di ojú. Àǹkárá olówó pọ́ọ́kú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá kò gba irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀.

Láti yẹra fún un: ẹ tẹ́ apá méjèèjì lójú-kojú, kí ẹ fi píìnì gún ibi lílà kọjá nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì gé àmì méjì kéékèèké sí ìhà ẹ̀yìn, ọ̀kan ṣoṣo sí iwájú.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ń rán fún àwọn obìnrin. Ọ̀já onímú ṣóńṣó ti wúwo jù fún un. Kí ni kí n lò?
*Télọ̀ obìnrin, Kétu*

Ọ̀já kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Ẹ la 8, kí ẹ gé ọ̀já tó jẹ́ 17 ní gígùn, 3.5 ní ìbú. Ẹ ya ojú lílà kó di ìlà kan tó nà gbọọrọ, ẹ tẹ́ ojú ọ̀já sí inú apá, ẹ rán an. Mìlímítà 7 ni àyè rírán lára ọ̀já, ṣùgbọ́n lára apá yóò máa dín kù bọ̀ títí yóò fi ku mìlímítà 2 ní orí lílà, yóò sì tún máa pọ̀ sí i lọ. Orí yẹn ló máa ń já bí ẹ bá bá a jagun. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró níbẹ̀, kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, kí ẹ ti aṣọ tó hunjọ sẹ́yìn. Ẹ ṣẹ́ ọ̀já po, ẹ rán an láti ojú. Lẹ́yìn náà, ní inú, ẹ ṣẹ́ orí ọ̀já sí méjì, kí ẹ rán an ní dàgbéré. Láìsí ìrán dàgbéré yẹn, ọ̀já á máa yọ síta.

Ihò bọ́tìnì pọ̀nyẹ́ dà, báwo ló sì ṣe yẹ kó gùn tó?
*Ọmọ iṣẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́*

Ihò wà ní ìhà ọ̀já ńlá, bọ́tìnì ní ìhà ọ̀já kékeré. Fi ìbú bọ́tìnì kún nínípọn rẹ̀: bọ́tìnì mìlímítà 11 tó nípọn ní 3, ihò rẹ̀ jẹ́ 14. Ihò ń sùn ní ìbú, ní àárín gíga pọ̀nyẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1.2 sí etí. Bí ibi lílà bá gùn tó 13, bọ́tìnì kékeré kan lórí ọ̀já ńlá kì í jẹ́ kí ẹran ara yọ. Ihò tirẹ̀ nàró.

Ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìká kan wù mí, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn jù ní 5. Ṣé kí wọ́n gé e lẹ́nu?
*Olùkọ́ kan, Àjàṣẹ́*

Ó di dandan kí wọ́n tú pọ̀nyẹ́, gé ẹnu apá, kí wọ́n sì so pọ̀nyẹ́ padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá gé, ibi lílà ni yóò ti dín kù. Tí lílà bá jẹ́ 14, tí wọ́n yọ 5, ó ku 9, ọwọ́ ṣì lè wọlé. Bó bá máa kéré ju 9 lọ, kò dáa. Apá tún máa ń fẹ̀ sí i bí a ṣe ń gòkè, nítorí náà kí télọ̀ fi èyí tó pọ̀ jù kún pílíìtì tó ti wà níbẹ̀. Kó má ṣe dá pílíìtì tuntun. Bọ́tìnì kékeré orí ọ̀já lè súnmọ́ pọ̀nyẹ́ jù lẹ́yìn èyí. Tó bá ti wà láàárín 2 sí i, ẹ ní kó yọ ọ́, kó sì rán ihò rẹ̀ pa.